Iná ooru sàlẹ́ńsà nínú kórópe: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ lórí Suzuki Every F6A kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ọkọ̀ náà jẹ́ Suzuki Every, ọkọ̀ èrò kékeré tí à ń pè ní kórópe, ìran tó jáde ní 1991. Ẹ́ńjìnnì F6A ló wà nínú rẹ̀: 657 cc, sìlíńdà mẹ́ta, oníkabúrétọ̀, disitiríbútọ̀ ló ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì. Wọ́n ti yí ìdarí rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Èrò àti gàrí ló ń kó láàárín Ìjẹ̀bú-Igbó àti Ìjẹ̀bú-Òde, láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ̀sùn tí wọ́n torí ẹ̀ gbé e wá kò gùn. Iná kan wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ 排気温 sí lára. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú méjìlá tí ọkọ̀ bá ti wà lójú ọ̀nà ló ń tàn, kì í sì í kú àfi tí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì. Èdè Japan ni, ohun tó ń sọ ni ooru èéfín tó ń jáde. Àwọn ọkọ̀ mìíràn kọ EXH TEMP síbẹ̀. Iná yìí yàtọ̀ sí iná ẹ́ńjìnnì tí ọ̀pọ̀ mọ̀, kò sí kóòdù kankan tí ẹ̀rọ skáánà lè kà nípa rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ kan, wáyà méjì, gílóòbù kan, àti pátákó kékeré kan lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù nínú àwọn mìíràn, gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ jù nípa iná yìí ni, “Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá mi yọ gílóòbù yẹn.” A kì í yọ ọ́. Abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì kórópe yìí wà, orí ooru yẹn sì ni awakọ̀ àti èrò jókòó lé. Iná náà ló ń ṣọ́ wọn.

Ohun tó ń ṣọ́ rèé. Nínú páìpù sàlẹ́ńsà, agolo kan wà tí à ń pè ní kátálísì. Inú rẹ̀ jẹ́ amọ̀ líle tí wọ́n dá ihò sí bí afárá oyin, tí wọ́n fi irin olówó iyebíye bíi pílátínọ́ọ̀mù ra lára. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó jó ìyókù bẹntiróòlù tí ẹ́ńjìnnì kò jó tán. Ìyókù ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe odidi oúnjẹ. Tí nǹkan bá ń lọ dáadáa, ooru inú rẹ̀ máa ń wà láàárín 400°C sí 800°C. Tó bá kọjá 1,000°C, irin tí wọ́n fi ra á lára ń bàjẹ́. Tó bá fi máa tó nǹkan bí 1,400°C, amọ̀ náà fúnra rẹ̀ á yọ́. Sìlíńdà kan ṣoṣo tí kò gbaná ti tó láti gbé e débẹ̀, nítorí epo àti afẹ́fẹ́ tó yẹ kó jó nínú sìlíńdà yẹn, inú agolo ló ń lọ jó sí.

Ọjọ́ kìíní: kí a tó tú nǹkan kan

Ìgbà tí iná náà ń tàn ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìsítáàtì. Ó yẹ kó tàn, kó sì kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbaná. Tí kò bá tàn rárá, gílóòbù ti jó tàbí ẹnìkan ti yọ ọ́, ẹ má sì torí ẹ̀ rò pé ara ọkọ̀ yá. Tó bá tàn tí kò kú láàárọ̀ kùtù, nígbà tí gbogbo páìpù ṣì tutù bí omi àmù, wáyà tàbí sẹ́ńsọ̀ ni ẹ máa wá, ooru kọ́. Tó bá jẹ́ pé inú òjò ló ń tàn, tó ń kú nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, omi ló ń wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tó bá wá ń pẹ́ díẹ̀ kó tó tàn, tó sì ń yá sí i nígbà tí ẹrù bá pọ̀ tàbí tí ọkọ̀ bá ń gun òkè, ẹ gbà á gbọ́. Ooru gidi ni.

Irú ìkẹyìn yẹn ni ti ọkọ̀ yìí. Síbẹ̀ a wọ̀n ọ́n. Ìbọn ìwọ̀n-ooru tí a lò kò lè kà kọjá 550°C. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ láìtẹ tọ́rọ́tù, páìpù tó ń wọ agolo jẹ́ 290°C, iwájú agolo jẹ́ 430°C, ẹ̀yìn agolo sì ti kọjá ohun tí ìbọn lè kà. Nínú kátálísì tí ara rẹ̀ yá, ẹnu-àbáwọlé àti ẹnu-ọ̀nà àbájáde kì í jìnnà síra wọn. Ẹ̀yìn lè fi díẹ̀ gbóná ju iwájú lọ. Tí ẹ̀yìn bá wá gbóná tó báyìí, epo tí kò jó nínú sìlíńdà ló ń jó nínú rẹ̀. Ara páìpù tó ti dógùn-ún ni kí ẹ yin ìbọn náà sí, nítorí irin tó ń dán máa ń jẹ́ kí ìbọn purọ́ sísàlẹ̀.

Nígbà tí ọwọ́ alẹ́ dé, a tún un sítáàtì, a sì yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Irin máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n nínú òkùnkùn nígbà tó bá ti kọjá 500°C. Ìdajì ẹ̀yìn agolo yìí pọ́n bí ẹyin ọ̀pẹ tó gbó, a sì ń rí bí pípọ́n náà ṣe ń rìn bọ̀ wá síwájú. A pa á lójú ẹsẹ̀.

Nǹkan méjì ni ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe nígbà tí agolo bá rí báyìí. Ẹ má da omi lé e, amọ̀ inú rẹ̀ á sán wẹ́wẹ́. Ẹ má sì páàkì sórí koríko gbígbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́. Bí iná ṣe ń ràn mọ́ igbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nìyẹn.

Ọjọ́ kejì: sìlíńdà tí kò gbaná

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló máa ń fa wáyà púlọ́ọ̀gì yọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti fetí sí èyí tí ẹ́ńjìnnì kò ní yí ohùn padà fún. Kò burú nínú ọkọ̀ tí kò ní kátálísì. Nínú èyí tó ní, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fa wáyà kan yọ ni ẹ ń bu bẹntiróòlù tútù sínú ààrò. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é dandan, kí ẹ́ńjìnnì tutù, kó má sì ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ fún wáyà kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà tí a fẹ́ràn ju ìyẹn lọ kò gba irinṣẹ́ kankan. A sítáàtì ẹ́ńjìnnì nígbà tó tutù pátápátá, a jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan, a sì fi ìka wọ́n omi sí ẹsẹ̀ mánífóòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, níbi tí èéfín ti ń jáde láti inú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Lórí ẹsẹ̀ kìíní, omi ké ṣàà, ó sì gbẹ. Ẹ̀kẹta náà ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí ẹsẹ̀ kejì, omi ṣù jọ, ó jókòó síbẹ̀, ó rọra ṣàn sílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá wọ́n omi sórí páànù tí kò tíì gbóná. Sìlíńdà kejì nìyẹn.

A tú púlọ́ọ̀gì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a sì tò wọ́n sórí àkísà bí wọ́n ṣe jókòó. Ti ìkíní àti ìkẹta ní àwọ̀ ilẹ̀ fúyẹ́fúyẹ́. Ti ìkejì dúdú, ó tutù, ó sì ń rùn bẹntiróòlù. Àlàfo ẹnu rẹ̀ jẹ́ 1.2 mm, fún irú ẹ́ńjìnnì yìí, 0.7 sí 0.8 mm ló yẹ kó jẹ́. Púlọ́ọ̀gì náà kò sì bá àwọn méjì yòókù dọ́gba, ẹnìkan ló ti pààrọ̀ òun nìkan. Tí lẹ́tà R bá wà nínú nọ́ńbà púlọ́ọ̀gì, ó ní ìdènà nínú, tó máa ń tó nǹkan bí 5 kΩ (kílò-óòmù, ìwọ̀n ìdènà iná) láti orí dé ìdí irin àárín. Ẹ fi mítà sí i. Èyí ní R lára, mítà sì ka òdo. Ayédèrú ni. Kí ẹ tó sanwó púlọ́ọ̀gì lọ́jà, ẹ wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ta ojúlówó kò ní bínú.

Púlọ́ọ̀gì nìkan kò tó láti dá lẹ́bi. A wọn wáyà púlọ́ọ̀gì pẹ̀lú. Òdiwọ̀n tí Suzuki fi ń ṣe irú wáyà yìí ni 10 sí 22 kΩ fún mítà kan. Wáyà kejì gùn ní sẹ̀ǹtímítà 45, nítorí náà kò yẹ kó ju nǹkan bí 10 kΩ lọ. 34 kΩ ni mítà kà. Nígbà tí a sì rọra tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, nọ́ńbà náà ń fò sókè sódò, èyí tó fi hàn pé okùn inú rẹ̀ ti já, iná kàn ń fò ó kọjá ni. Àwọn yòókù ka 6 kΩ àti 7 kΩ. Láti mọ̀ dájú, a fi púlọ́ọ̀gì tuntun mẹ́ta sí i, a gbé wáyà kejì lọ sí sìlíńdà kẹta, a sì gbé ti ìkẹta wá sí ìkejì. A tún wọ́n omi. Báyìí, ẹsẹ̀ kẹta ni omi jókòó sí. Àìsàn náà ti bá wáyà lọ, ó túmọ̀ sí pé kò sí nínú sìlíńdà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí pípààrọ̀ yìí gbà ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ríra tọ́ọ̀pù sìlíńdà.

Ìdérí disitiríbútọ̀ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ìpẹtà funfun aláwọ̀ ewé hù sí ìdí ihò kejì, lábẹ́ rẹ̀ sì ni ìlà dúdú kan wà, tó tín-ín-rín bí irun orí, tó lọ láti ihò náà dé etí ìdérí. Tí ẹ bá rí irú ìlà yẹn, ẹ má fi sáńpépà ha á. Èédú ni, iná ti rí ọ̀nà ẹ̀bùrú, yóò sì máa gbà á lọ ní gbogbo ìgbà tí òtútù bá mú tàbí tí ọ̀rinrin bá wà. A pààrọ̀ ìdérí àti rótọ̀, apá tó ń yí lábẹ́ rẹ̀, papọ̀. Ohun tó fa gbogbo èyí ni wáyà tó já: nígbà tí iná kò rí ọ̀nà gba inú wáyà, ó ń wá ọ̀nà mìíràn.

Nítorí pé ooru sàlẹ́ńsà lè jó fáàfù, a wọn kọmpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Ẹ́ńjìnnì gbígbóná, gbogbo púlọ́ọ̀gì ní títú, wáyà kọ́ìlì ní yíyọ, tọ́rọ́tù ní títẹ̀ dé ilẹ̀. Ó ka 11.6, 11.2 àti 11.5 kg/cm². Ìyàtọ̀ láàárín wọn kò gbọ́dọ̀ ju 1 kg/cm² lọ. Fáàfù kò tíì jó.

Ọjọ́ kẹta: epo

Tí èéfín bá ń gbóná jù, iná àti epo ni a máa ń bá wí papọ̀, nítorí epo tó pọ̀ jù náà máa ń lọ jó nínú agolo. Fílítà afẹ́fẹ́ ti di pupa, iyẹ̀pẹ̀ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó ti dí i débi pé tọ́ọ̀ṣì kò ríran gba inú rẹ̀ kọjá. A pààrọ̀ rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ṣóòkù lórí kabúrétọ̀, tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kò ṣí tán nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná. Ó dúró sí bí ìdá mẹ́rin ọ̀nà. Ìdọ̀tí àti ọ́ìlì gbígbẹ ló há a ní ọ̀pá. A fi agolo ìfọ-kabúrétọ̀ kan fọ ọ̀pá náà, a sì ń ṣí i pa dé títí tó fi ń ṣubú fúnra rẹ̀. Ẹ má fi ọ́ìlì pa á lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́, iyẹ̀pẹ̀ á tún lẹ̀ mọ́ ọn.

Táímìnì, ìyẹn àsìkò tí iná púlọ́ọ̀gì ń ta, wà níbi tí ìwé ara ọkọ̀ ní kó wà. A mẹ́nu kàn án nítorí pé táímìnì tó pẹ́ jù wà lára ohun tó ń mú páìpù pọ́n: epo kò tíì jó tán nínú sìlíńdà tí fáàfù fi ṣí, ó sì ń jó lọ nínú páìpù. Tí ọ̀pá rọ́bà kékeré tó ń lọ sí disitiríbútọ̀ bá sán, bákan náà ló rí, àmọ́ ìgbà tí ọkọ̀ bá ń sáré nìkan ni. Ẹ fi ẹnu fa ọ̀pá náà, kí ẹ fi ahọ́n dí i. Tí ahọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, rọ́bà inú rẹ̀ ṣì dára. Èyí lẹ̀.

Wáyà tuntun mẹ́rin (mẹ́ta fún púlọ́ọ̀gì, ọ̀kan fún kọ́ìlì), ìdérí, rótọ̀, púlọ́ọ̀gì mẹ́ta: gbogbo rẹ̀ wọlé. Omi ké ṣàà lórí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbọn ìwọ̀n-ooru ka 260°C ní iwájú agolo àti 275°C ní ẹ̀yìn. Iná kò tàn mọ́.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń parí, tí wọ́n á sì gba owó wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tẹ tọ́rọ́tù, ọkọ̀ náà ń mí gúlegúle, bí ẹni tí wọ́n fi àkísà dí ní imú. Ooru ti lọ, ohun tí ooru náà ti bàjẹ́ kò lọ.

Ọjọ́ kẹrin: agolo fúnra rẹ̀

Géèjì fákúọ̀mù, tó ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́, ló sọ òtítọ́ fún wa. A so ó mọ́ mánífóòlù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé. Láìtẹ tọ́rọ́tù, ẹ́ńjìnnì tó lera máa ń ka ínǹṣì 17 sí 21. Èyí ka 18. Lẹ́yìn náà a gbé ẹ́ńjìnnì sókè sí ìyípo 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, a sì dá a dúró síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ dìde, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọra bọ̀ wálẹ̀: 18, 16, 14, títí dé 11, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan tọ́rọ́tù. Èéfín kò rí ọ̀nà jáde. Ẹ kò lè ṣe ìdánwò yìí kí ẹ tó tún iná púlọ́ọ̀gì ṣe, nítorí sìlíńdà tí kò gbaná máa ń mú kí abẹ́rẹ́ gbọ̀n débi pé ẹ kò ní lè kà á.

Ìdánwò tí kò náni ní kọ́bọ̀ náà wà. Nígbà tí agolo bá tutù, ẹ fi ìkúùkù tàbí òòlù rọ́bà gbá a. Tó bá ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí igbá tí wọ́n da ẹkùrọ́ sínú rẹ̀, amọ̀ inú rẹ̀ ti fọ́. Èyí kò dún. Ó ti yọ́ lẹ̀ pọ̀ ni.

Iṣẹ́ ńlá ni títú u. Ìpẹtà ọdún tó pọ̀ ti mú nọ́ọ̀tì. A fi ọ́ìlì ìpẹtà rin wọ́n mọ́jú, a gbé iná gáàsì sí wọn láàárọ̀, a sì kọ́kọ́ yí wọn síwájú díẹ̀ kí a tó yí wọn padà. Ọ̀kan ṣì já. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí òpó irin, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan, ẹ sì tú bátìrì kí ẹ tó gbé iná sún mọ́ ọkọ̀.

Nígbà tí a fi tọ́ọ̀ṣì wo inú agolo láti iwájú, afárá oyin náà ṣì wà níbẹ̀ ní etí, ihò kéékèèké onígun mẹ́rin, eérú bò wọ́n. Ní àárín, kò sí ihò mọ́. Ó di ìṣù kan tó ń dán bí ìgò tó yọ́, ewú àti dúdú, tó tóbi bí ẹyin adìyẹ. Ìmọ́lẹ̀ kò gba ibẹ̀ kọjá rárá. Iṣẹ́ ọwọ́ sìlíńdà kejì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń fa àríyànjiyàn kàn wá nìyí. Àwọn kan á ní kí a fi irin gún amọ̀ náà jáde, kí a da agolo òfìfo padà. Ọkọ̀ á sáré lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo ibi tí páìpù yẹn wà: abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ tí pátákó rẹ̀ ti jẹrà ní ibi mẹ́ta mẹ́rin, tí rọ́bà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbó, tí èèyàn méje jókòó sí. Èéfín kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì kò ní òórùn. Kátálísì tó ń ṣiṣẹ́ máa ń jó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kó tó dé ẹ̀yìn. Agolo òfìfo kì í jó nǹkan kan. Lójú tiwa, ọkọ̀ èrò ni ọkọ̀ tó nílò rẹ̀ jù lọ, a kì í sì í gún un.

Tòkúnbọ̀ la fi rọ́pò rẹ̀. Bí a ṣe yàn án: a gbé e sójú oòrùn, gbogbo ihò gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ láti òpin kan dé èkejì, a mì ín, kò gbọ́dọ̀ dún, a wo ihò sẹ́ńsọ̀, ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ojú skrúù rẹ̀ ní pípé. Àwọn tó ń tà á máa ń fi bólùtì dí ihò sẹ́ńsọ̀ tàbí kí wọ́n fi wẹ́dà lẹ̀ ẹ́ pa, torí pé wọn kò mọ ohun tó wà fún. Gáskẹ́ẹ̀tì tuntun méjì ló lọ sí i, àti nọ́ọ̀tì tuntun. Ẹ má lo gáskẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn tí a mú un le, a sítáàtì, a sì fi àkísà dí ẹnu sàlẹ́ńsà díẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fọn níbi ìsopọ̀ kankan.

Sẹ́ńsọ̀ àti wáyà rẹ̀

Nígbà tí agolo wà nílẹ̀ ni a rí ohun tí ì bá dá wa padà sẹ́nu iṣẹ́ láìpẹ́. Ẹnìkan ti so wáyà sẹ́ńsọ̀ mọ́ páìpù pẹ̀lú okùn rọ́bà. Okùn náà ti yọ́ dànù. Èèpo wáyà ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà, ó ń bó tí a bá fọwọ́ kàn án, idẹ ti hàn síta ní ibi méjì. Rọ́bà PVC tó wà lára wáyà lásán kò lè fara da ju 70°C sí 105°C lọ. Tí idẹ yẹn bá kan bọ́dì, iná á máa tàn láìsí ooru, awakọ̀ á sì kọ́ láti má kà á sí. Lọ́jọ́ tí ooru gidi bá tún dé, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́.

Sẹ́ńsọ̀ náà la dán wò. A fi mítà sí wáyà méjèèjì nígbà tó tutù, kò ka nǹkan kan. A di í mú pẹ̀lú ẹ̀mú, a sì fi iná gáàsì yan orí rẹ̀. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan nọ́ńbà yọjú, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ bí orí rẹ̀ ṣe ń pọ́n. Nígbà tó tutù, ó padà sókè. Ó yè. Àwọn sẹ́ńsọ̀ mìíràn kì í sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n dà bí súìṣì tó ń tàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí ooru bá pé, ìyẹn náà dára. Èyí tí kò dára ni èyí tó ka òdo nígbà tó tutù, tàbí èyí tí kò yí padà nínú iná. Ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú láti wáyà sí ara irin sẹ́ńsọ̀: kò gbọ́dọ̀ sí ọ̀nà kankan láàárín wọn.

Ẹ̀yin réwáyà, ọ̀rọ̀ kan fún yín. Ẹ máa ń yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ láti wò ó bóyá iná á kú. Tó bá kú, ẹ ní sẹ́ńsọ̀ ló bíríìjì. Tí kò bá kú, ẹ ní wáyà ló kan bọ́dì. Ó tọ̀nà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí pátákó wọn ń tan iná nígbà tí wáyà bá já, kí ẹni tó ni ín lè mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ fi mítà ti ìdánwò yẹn lẹ́yìn kí ẹ tó dájọ́.

A gé wáyà méjèèjì sẹ́yìn títí a fi rí idẹ tó ń dán, a sì fi wáyà tó wọ aṣọ fáíbà kún un, sẹ̀ǹtímítà 30 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Páìpù idẹ kéékèèké tí a fi ẹ̀mú tẹ̀ pa la fi so wọ́n pọ̀, a kò fi lẹ́ẹ̀dì jó o. Lẹ́ẹ̀dì 60/40 tí gbogbo wa ń lò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní 183°C, ẹ̀gbẹ́ agolo yìí sì ń gbóná ju ìyẹn lọ lójoojúmọ́. A gbé wáyà náà gba ara bọ́dì, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí páìpù, a fi ìdè irin mú un. Páànù adènà-ooru tó yẹ kó wà láàárín agolo àti ilẹ̀ ọkọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. A gé tuntun láti inú páànù 1 mm, sẹ̀ǹtímítà 30 × 40, bólùtì 6 mm mẹ́rin ló dì í mú, a sì fi wáṣà gbé e kúrò lára ilẹ̀ ọkọ̀ ní bí sẹ̀ǹtímítà kan. Àlàfo afẹ́fẹ́ yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Páànù tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pẹ́kípẹ́kí ń gbé ooru lọ bá èrò ni.

Ọjọ́ karùn-ún: ojú ọ̀nà

Láti Ìjẹ̀bú-Òde a gba Orù lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, a sì padà. Àpò gàrí wà lẹ́yìn, awakọ̀ àti ẹnìkan wà níwájú, kó má bàa ju ìwọ̀n tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún lọ. Ní Japan, 350 kg ni òpin ẹrù tí òfin fún irú ọkọ̀ kékeré yìí, 660 cc sì ni òpin ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Èèyàn méje tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn 70 kg ti di 490 kg kí a tó ka ẹrù kankan. Kì í ṣe pé a ń dá awakọ̀ lẹ́bi, a mọ bí owó epo ṣe rí. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń ru ju agbára rẹ̀ lọ lójoojúmọ́ kò ní àyè fún sìlíńdà kan láti sùn; ohun tí ọkọ̀ mìíràn máa fara dà fún oṣù mẹ́fà, á mú agolo kórópe yọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Iná 排気温 tàn nígbà tí a yí kọ́kọ́rọ́, ó kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbaná, kò sì tàn mọ́ títí a fi dé. Bí a ṣe dúró, ìbọn ka 340°C ní iwájú agolo, 360°C ní ẹ̀yìn. Ní ìyípo 2,500, abẹ́rẹ́ fákúọ̀mù dúró sí 19, kò kúrò. Ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ ìjókòó ṣeé fọwọ́ lé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ̀ náà padà wá fún àyẹ̀wò. Púlọ́ọ̀gì kejì ti ní àwọ̀ ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú àwọn méjì yòókù. A tún bólùtì ìsopọ̀ sàlẹ́ńsà mú le, nítorí wọ́n máa ń dẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá gbóná tí wọ́n sì tutù. Ohun kan ṣoṣo tó kù nílẹ̀ ni ọ̀pá ṣóòkù, tó ń mì díẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Ó ṣì ń ṣí tán, àmọ́ kabúrétọ̀ náà á wálẹ̀ kí òjò tó dé.